Àga Ẹni Tó Yá Wọn Ní Àáké

Koroinari, Bougainville
9 Oṣù Kejì, 1998

Klotilda ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọ yín tí ẹ kò tíì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ láti ìgbà tó ti ń rákò. Ó ti yẹ kó máa sáré báyìí. Ara mi le, àfi eékún. Abo ẹlẹ́dẹ̀ wa bímọ, ó sì jẹ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà. A kò bá a wí. Ogun yìí yí gbogbo wa lórí.

Lẹ́tà yìí yóò tètè dé ju àwọn ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò ní sá pamọ́ sábẹ́ ẹja nínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Honiara mọ́. Àwọn aláṣọ yẹ́lò ni yóò bá mi gbé e. Àwọn ni wọ́n wá máa ṣọ́ wa, kí a má bàa tún bẹ̀rẹ̀ ìjà. Wọn kò gbé ìbọn. Yẹ́lò ni ẹ̀wù wọn, yẹ́lò ni fìlà wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun kò rí wọn. Ará New Zealand wà nínú wọn, ará Fiji wà, ará Vanuatu wà. Ará Ọsirélíà náà wà. Hẹlikọ́pítà ni wọ́n ń gùn. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, gbogbo abúlé sá wọ igbó, èmi náà sá, tèmi ti eékún mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀, ó ń juwọ́, ó ń pariwo pé, “Ẹ má sá o! Lẹ́tà ni a kó wá!” A jáde. Lẹ́tà ni lóòótọ́.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi Severinus ti pe àwọn àgbà jọ lórí ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ. O mọ̀ pé n kò lè dárúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yìnbọn láti òkè pa á lórí òrùlé tó ń fi ewé bò, n kò dárúkọ rẹ̀, n kò gé irun mi, n kò sì fi kókò oko mi kan ẹnu. Ọ̀dùnkún oko olóko ni mò ń jẹ. Ọ̀fọ̀ mi kò lè parí, àfi bí gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ nínú ikú náà bá wá jókòó, tí a jọ jẹ èso buai, tí wọ́n sì fi kókò oko mi sí mi lẹ́nu.

Àwọn sójà ìjọba Moresby tí wọ́n bá wa jà ti gbà láti rán ẹnì kan. Ọmọ abúlé wa tó tẹ̀lé wọn, tó ń fọ̀nà hàn wọ́n, ti gbà. Ó wá ku ẹni tó yá wọn ní àáké. O mọ bí a ti ń ṣe é níbí: bí mo bá yá ọ ní àáké, tí o fi pa ènìyàn, èmi náà ní àga níbi ìjókòó. Ọsirélíà ló fún Moresby ní hẹlikọ́pítà yẹn. Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ lórí rédíò. A ti gbé àga sílẹ̀ fún un.

Ìwọ lo fẹ́ ọmọ wọn. Kí ni iṣẹ́ ìyàwó, bí kò ṣe kó jíṣẹ́ fún àwọn àna? Sọ fún wọn kí wọ́n wá. Kí wọ́n mú ẹlẹ́dẹ̀ kan dání, tàbí kí wọ́n rà á níbí.

Fi abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ránṣẹ́, àti awò ojú. Má fi irú ti ìjọ́sí ránṣẹ́ mọ́. Ti ọmọdé ni.

Èmi ni ìyá rẹ,
Apolonia


Mackay, Ọsirélíà
2 Oṣù Kẹta, 1998

Màmá mi,

Mo kí yín o. Mo kí Bàbá Severinus, mo kí eékún yín, mo kí ẹlẹ́dẹ̀ tó jẹ ọmọ rẹ̀. Àwòrán ọmọ wà nínú lẹ́tà yìí. Igi lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe igi tòótọ́, ti ilé ìtajà ni. Abẹ́rẹ́ àti awò ojú ń bọ̀ lọ́tọ̀.

Màmá, Ọsirélíà kì í ṣe agboolé. Ènìyàn mílíọ̀nù méjìdínlógún ni. N kò lè dúró sẹ́nu ọ̀nà kí n máa pè é. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọkọ mi Royce nígbà tó ti ibi iṣẹ́ ṣúgà dé. Ó ní, “Èmi kọ́ ni mo fún wọn o.”

Mo ní, “Kò sẹ́ni tó ní ìwọ ni.”

“N kò tiẹ̀ dìbò fún àwọn yẹn.”

Ó sì padà sídìí bọ́ọ̀lù tó ń wò. Ènìyàn rere ni Royce, ẹ mọ̀. Tí bọ́ọ̀lù bá ti wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó di ènìyàn rere tí kò gbọ́ràn.

Mo lọ wo ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ ní ilé ìkàwé. Ohun tí ìjọba sọ nígbà náà ni pé ẹrù àti àwọn tó fara pa ni kí wọ́n máa fi hẹlikọ́pítà náà kó. Wọ́n ní àdéhùn wà pé kò gbọdọ̀ gbé ìbọn. Nítorí náà, lójú tiwọn, hẹlikọ́pítà tó yìnbọn kọ́ ni wọ́n fún Moresby. Òmíràn ni.

Màmá, mo fẹ́ kí ẹ rántí pé àbúrò mi ni. Inú lẹ́tà tó ń rùn bí ẹja ni mo ti gbọ́ ikú rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ ti sin ín tipẹ́. Èmi kò ní ìjókòó kankan níbí. Mo wẹ̀ fún àwọn arúgbó tí mo ń tọ́jú níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mo gé èékánná wọn, mo padà sílé. Nítorí náà, ẹ má kọ̀wé bí ẹni pé mo kàn ń gbádùn ara mi láàárín àwọn àna.

Ọmọ yín,
Klotilda


Koroinari
19 Oṣù Kẹrin, 1998

Klotilda,

Mo rí àwòrán. Ọmọ náà rẹwà. Ó tinrin. Ẹ máa fún un ní nǹkan tó ní ọ̀rá.

N kò sọ pé o ń gbádùn. Mo ní kí o jíṣẹ́ ni.

A gbé ọ̀rọ̀ ìjọba wọn yẹ̀ wò lábẹ́ igi. Severinus bèèrè pé, “Bí mo bá yá àna mi ní àáké, tí mo ní igi ìdáná nìkan ni kó fi gé, tó wá fi gé ènìyàn ńkọ́?”

Bàbá Yosefa, tó máa ń gbèjà ẹni tí kò sí níbẹ̀, dáhùn pé, “O kò mọ̀ nípa rẹ̀. O ti sọ fún un.”

“Lẹ́yìn tó gé ẹni àkọ́kọ́, ṣé mo gba àáké mi padà?”

“Bóyá o kò gbọ́.”

“Mo gbọ́. Èmi náà ló ń pọ́n ọn fún un. Èmi ni mo ń fún un ní èèkù rẹ̀.”

Bàbá Yosefa dìde nílẹ̀. Ó ní, “Àna burúkú ni ẹ́.” Wọ́n dá gbogbo ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀. Àga kò kúrò nílẹ̀.

Ohun rere kan ṣẹlẹ̀. Aláṣọ yẹ́lò kan, ará Ọsirélíà, fún mi ní owó ẹyọ ilẹ̀ wọn kí n fi ṣe ohun ìrántí. Mo gbé awò ojú rẹ wọ̀ (ó dára, ṣùgbọ́n ó ń já bọ́), mo wò ó, orí obìnrin ni mo rí lára rẹ̀! Ara mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo sọ fún Severinus pé, “Ṣé o rí i? Obìnrin ló ni ilẹ̀ lọ́dọ̀ wọn náà, bíi tiwa. Àwọn ọkùnrin la ti ń dà láàmú láti ìjọ́ yìí, tí wọn kò sì láṣẹ.” Òun náà gbà pé àṣìṣe wa nìyẹn.

Kọ̀wé sí obìnrin náà. Bá a sọ̀rọ̀ bí ìyá ṣe ń bá ìyá sọ̀rọ̀. Sọ fún un pé n kò bá a jà, kó ṣáà wá jókòó. Tí eékún bá ń dun òun náà, a óò wá àga tó ga.

Ìyá rẹ


Mackay
11 Oṣù Karùn-ún, 1998

Màmá mi,

Ẹ kú ìfaradà. Ọmọ ti ń jẹ ọ̀rá.

Obìnrin orí owó yẹn, ọbabìnrin wọn ni, kò gbé ibí. England ló ń gbé. Ó máa ń wá kí wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ju àsíá, á sì padà. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: onílẹ̀ wo ni kì í gbé lórí ilẹ̀ rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹ má ní n kò gbìyànjú. Mo lọ sí ọ́fíìsì aṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ físà ni?”

Mo ní, “Rárá, ọ̀rọ̀ hẹlikọ́pítà ni.”

“Ṣé ariwo rẹ̀ ló ń dà yín láàmú?”

“Nígbà kan rí.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní tí ó bá tún ń pariwo, kí n tẹ àwọn láago. Mo wá jókòó, mo ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀: abúlé, òrùlé, àga, ẹlẹ́dẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ọmọ dáadáa ni. Ó ní òun yóò fi ránṣẹ́ sókè.

Ìdáhùn ti dé. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ìfẹ́ tí mo ní sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n ní Ọsirélíà kò sí nínú ogun náà, kò sì sí ìgbà kan tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn gidigidi pé ogun náà parí. Wọ́n fi mágnẹ́ẹ̀tì kan tí àwòrán aṣojú wa wà lára rẹ̀ sínú rẹ̀, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìríìjì. Mo lẹ̀ ẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é láìsí wọn. Ẹ jẹ́ kí Moresby àti ọmọ abúlé yẹn jókòó, kí ẹ jẹ kókò yín. Mo bẹ̀ yín. Wọn kò ní wá.

Klotilda


Mackay
30 Oṣù Keje, 1998

Màmá mi,

N kò rí lẹ́tà yín láti ìgbà tí mo kọ̀wé. Mo kọ òmíràn, n kò rí èsì. Ṣé ẹ ń bínú ni? Àbí àwọn aláṣọ yẹ́lò kò wá mọ́? Tí ẹ bá ń bínú, ẹ kọ ìbínú náà ránṣẹ́. Mo fẹ́ rí ìwé ọwọ́ yín.

Mo ti lóyún mìíràn. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹ̀jẹ̀ mi ń ru.

Royce rí mi níbi tí mo ti ń sunkún nínú gáréèjì. Ó pa tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, “Ṣé ènìyàn kan ṣáà ni wọ́n fẹ́ lórí àga yẹn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Èmi náà ènìyàn ni. Tí a bá ti lọ ìrèké tọdún yìí tán, màá lọ jókòó.” Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn dá mi lóhùn.

Klotilda


Koroinari
21 Oṣù Kẹjọ, 1998

Klotilda,

Èmi Severinus, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, ni mo ń kọ̀wé. Ìyá rẹ kò bínú. Ara rẹ̀ ni kò yá. Nígbà tí o kọ̀wé pé kí a ṣe é láìsí wọn, ó ní ó dáa, òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí a pe ìjókòó. Láti ìgbà náà ni kò ti jẹ ọ̀dùnkún oko olóko mọ́. Omi ọbẹ̀ ló ń mu. Nọ́ọ̀sì àwọn aláṣọ yẹ́lò wá wò ó, ó fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ó ní kó máa jẹun dáadáa. Ìyá rẹ ní òun ṣe tán láti jẹun. Ó ní kókò oko òun ni òun fẹ́ jẹ. Nọ́ọ̀sì ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ lọ hú u.” A kò mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Ará Ọsirélíà ló wá di ọ̀gá àwọn aláṣọ yẹ́lò báyìí. Mo lọ bá a. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti wà níbí, ẹ bá wa jókòó sórí àga yín.”

Ó ní, “Bàbá, a kò lè ṣe é. A ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni.”

Mo ní, “Hẹlikọ́pítà ìjọ́sí ńkọ́?”

Ó ní, “Ẹ̀ka mìíràn ló ni ìyẹn.”

Kò rí mi fín, ọmọlúàbí ni. Ó tilẹ̀ fún mi ní fìlà yẹ́lò kan. Mo ń dé e lọ sóko.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ, pé òun fẹ́ jókòó. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin kò ní ilẹ̀. Ibi tó bá ti jókòó, ìyàwó rẹ̀ ló jókòó fún. Ìwọ sì ni ìyàwó rẹ̀, ìwọ náà sì ni ẹ̀gbọ́n olóògbé. O kò lè bẹ ara rẹ. Bí obìnrin orí owó bá jìnnà, wọn kò lè sọ pé òun nìkan ni obìnrin tó wà lórí ilẹ̀ náà. Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n bí i? Ṣé ó ń rìn?

Má pẹ́. Ìyá rẹ kò mọ̀ pé mo kọ èyí.

Severinus


Mackay
13 Oṣù Kẹsàn-án, 1998

Bàbá Severinus,

Mo kí yín o. Ẹ bá mi ka èyí sí Màmá létí, kí ẹ kà á pẹ̀lẹ́.

Beryl ni orúkọ ìyá Royce. Mackay ni wọ́n bí i sí, ó sì ń rìn. Ó tiẹ̀ ń rìn wá sílé mi lójoojúmọ́ wá wò bóyá mo nulẹ̀. Mi ò rò pé obìnrin náà fẹ́ràn mi. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa ló ti ń ràn mí lọ́wọ́ bí ẹni tó ń dá mi lẹ́jọ́. Mo rò ó títí kí n tó lè la ẹnu.

Mo ní, “Màmá, àwọn ènìyàn mi fẹ́ kí ẹ wá ṣe Ọsirélíà.”

Ó gbé ife tíì sílẹ̀. “Ṣe kí ni?”

Mo ṣàlàyé. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, èyí tí kò ṣe rí. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Ọmọkùnrin yẹn, orí òrùlé ló wà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ṣé ó gbé ìbọn dání?”

“Ewé ló gbé.”

Ó fọ ife náà, ó nù ún, ó gbé e sáyè rẹ̀. Ó wá sọ ohun tí Royce fúnra rẹ̀ kò mọ̀ dáadáa. Ó ní àbúrò òun ọkùnrin, Keith, lọ bá wọn jagun ní Vietnam. Ogun wọn láàárín ara wọn ni, Ọsirélíà náà lọ bá wọn dá sí i. Keith kò padà. Ó ní, “Wọ́n fi àsíá ránṣẹ́ sí ìyá mi. Wọ́n ká a dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wá jókòó tì í.” Ó wo àwòrán aṣojú lára fìríìjì mi. “Èyí náà ò ní lọ. Kí ni mo máa wọ̀?”

Royce ní kò ṣeé ṣe, ìyá òun ti dàgbà, ibà wà níbẹ̀. Beryl ní, “Pa ẹnu rẹ dé, Royce.” Ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn báyẹn.

Àwọn Sístà ìjọ ń bá a ṣètò ìwé ìrìnnà. Yóò dé lópin oṣù tó ń bọ̀. Kò jẹ ata. Ẹ má jẹ́ kí ẹlẹ́dẹ̀ yẹn sún mọ́ ọn. Ẹ sọ fún Màmá kó dúró dè é.

Klotilda


Koroinari
8 Oṣù Kọkànlá, 1998

Klotilda ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí oyún. Má máa gbé ohun wúwo. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí, kí o lè rí i.

Ìyá ọkọ rẹ dé pẹ̀lú agbòòrùn àti kéèkì kan tó wúwo bí òkúta odò. Ó wo ilé mi káàkiri. Ó fi ìka gba orí tábìlì, ó wo ìka náà. Mo mọ̀ nígbà náà pé òun ni lóòótọ́.

Lọ́jọ́ ìjókòó, gbogbo abúlé pé. Sójà Moresby jókòó. Ọmọ wa tó fọ̀nà hàn wọ́n jókòó, ó ń wo ilẹ̀. Beryl jókòó sórí àga Ọsirélíà. Ọ̀gá àwọn aláṣọ yẹ́lò dúró lẹ́yìn, ó ní ìran lòun wá wò.

Severinus bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé, “Kí lo mú wá sínú ikú yìí?”

Sójà ní, “Ìbọn.”

Ọmọ wa ní, “Ìka mi. Òun ni mo fi tọ́ka.” Ó gbé ìka náà sókè kí a rí i.

Ó kan Beryl. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ sórí pépà. Ó wò ó, ó ká a, ó ní, “Tiwa ni hẹlikọ́pítà náà.” Ó parí.

Ọ̀gá aláṣọ yẹ́lò wúkọ́. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó yé gbogbo wa pé màmá yìí kò sọ̀rọ̀ lórúkọ ìjọba.”

Beryl yíjú sí i. “Ó dáa, ọmọ mi. Ìwọ wá sọ ọ́.”

Ọ̀gá náà wo bàtà rẹ̀. Bàtà tó dára ni.

A jẹ buai. Ẹfun tí a fi ń jẹ ẹ́ ta Beryl lẹ́nu, ó tutọ́ pupa sára ẹ̀wù ara rẹ̀, gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó mú kókò nínú ìkòkò, ó gbóná, kò jù ú sílẹ̀, ó fi sí mi lẹ́nu. Mo ti gbàgbé bó ṣe máa ń rí. Iyọ̀ rẹ̀ kò tó.

Mo wá pe orúkọ ọmọ mi. Aloysius. Mo tún un pè. Beryl di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Keith.” Severinus ní ìyẹn kò sí nínú ètò. Ó wá ní kí gbogbo abúlé pè é. A pe Keith. Wọn kò lè pè é dáadáa, ṣùgbọ́n ó gbọ́.

Wọ́n ti gé irun mi. Mo ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Beryl ní òun kò tíì ṣe tán láti padà, ilé ìdáná mi kò tíì mọ́ tó. Kò gbọ́ èdè mi, n kò sì gbọ́ gbogbo tirẹ̀, ṣùgbọ́n a máa ń jà.

Bí ìjọba wọn bá bi ọ́ pé ta ló rán màmá arúgbó náà wá jókòó fún Ọsirélíà, sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó rán an. Ìdí tí a fi gbà á nìyẹn.

Ìyá rẹ,
Apolonia